Opó tí kì í ṣe Kátólíìkì: ṣé ẹgbẹ́ St. Vincent de Paul lè ràn án lọ́wọ́?

Àdùkẹ́_Ìbàdàn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọ̀rọ̀ obìnrin kan tí a jọ ń gbé àdúgbò kan náà ní Ìbàdàn ni mo gbé wá. Ọkọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ fọkanáísà jáde láyé lọ́dún tó kọjá, ó sì fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀ fún un. Ata àti tòmátò ló ń tà níwájú ilé, èrè ibẹ̀ kò sì tó owó oúnjẹ mọ́ látìgbà tí owó ọkọ̀ ti lọ sókè. Lánlọ́ọ̀dù ti fún un níwèé pé kó kó jáde. Ọdún yìí ló yẹ kí àgbà nínú àwọn ọmọ náà ṣe WAEC, wọn ò tíì rí owó rẹ̀ san.

Ẹnìkan níbi iṣẹ́ mi ló sọ fún mi pé ẹgbẹ́ kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Kátólíìkì tí wọ́n ń pè ní St. Vincent de Paul, pé ríran aláìní lọ́wọ́ ni iṣẹ́ wọn. Mùsùlùmí ni obìnrin yìí, Onítẹ̀bọmi sì lèmi. Ṣé wọ́n á dá wa lóhùn? Ta ni kí n lọ bá?

Ohun tó tún ń dùn mí ni pé ojú ń tì í. Nígbà ààwẹ̀ tó kọjá, àwọn ọmọlẹ́yìn olóṣèlú kan fún un ní ìrẹsì díẹ̀, wọ́n ya òun àti ìrẹsì ní fọ́tò, wọ́n sì gbé e sórí Facebook. Àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ọmọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọmọ náà fi ní òun ò lọ mọ́. Ó ti sọ fún mi pé bó bá jẹ́ pé wọ́n á pe òun síta níwájú ìjọ ni, kí n jẹ́ kí òun máa jìyà òun lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é kó là mí lọ́yẹ̀.

Bàbá_Táyélolú (Èkó)

Ẹ kú àánú, ìyáàfin. Wọ́n á dá a lóhùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nínú ẹgbẹ́ náà ní páríìṣì wa (ìyẹn ìjọ àdúgbò) l'Ékòó, ohun tí mo sì fojú ara mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ti ẹ̀sìn kúrò. Òfin ẹgbẹ́ wa, èyí tí a ń lò káàkiri àgbáyé, sọ ọ́ kedere pé a kò gbọdọ̀ wo ẹ̀sìn, ẹ̀yà tàbí ipò ẹnikẹ́ni ká tó ràn án lọ́wọ́. A kì í béèrè káàdì ìrìbọmi lọ́wọ́ ènìyàn. Àwọn Mùsùlùmí pọ̀ nínú àwọn tí àwa ń bẹ̀ wò, torí pé ẹni tó bá wà ládùúgbò ni tiwa.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é nìyí. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì páríìṣì Kátólíìkì tó súnmọ́ yín jù láàárín ọ̀sẹ̀, torí pé èrò máa ń pọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ẹ ní ẹ fẹ́ rí ààrẹ ẹgbẹ́ St. Vincent de Paul. Bí ọ́fíìsì bá wà ní títì, ẹ dúró di ẹ̀yìn Mísà àárọ̀, kí ẹ bi katikíìsì, ẹni tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ nínú ìjọ. Kì í ṣe dandan kí ẹ rí Fàdá. Ẹ̀yin fúnra yín lè lọ ṣojú rẹ̀, kí obìnrin náà má baà lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Orúkọ rẹ̀, àdúgbò rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù nìkan ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín. Ẹ má kọ ìkankan nínú rẹ̀ síbí o. Àwọn gbájú-ẹ̀ ń ka gbogbo ohun tí a ń kọ.

Lẹ́yìn náà, ènìyàn méjì ni yóò wá sílé rẹ̀. Méjì ni wọ́n máa ń jẹ́. Wọn ò ní kó ogunlọ́gọ̀ dání, wọn ò sì ní gbé ọkọ̀ tí wọ́n kọ orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì sí lára wá. Wọ́n á jókòó, wọ́n á bá a sọ̀rọ̀ bí àlejò ṣe ń bá onílé sọ̀rọ̀. Ìbẹ̀wò yẹn gan-an ni iṣẹ́ ẹgbẹ́ wa dúró lé, ju oúnjẹ lọ.

Ìyá àgbà kan ránṣẹ́ sí wa nígbà kan pé gàrí ni òun ń fẹ́. A gbé gàrí lọ. Bí a ṣe jókòó tì í, ẹnì kejì mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, tajú kán rí ike oògùn lórí fèrèsé. Ìdajì ni gbogbo oògùn tó wà nínú ike náà. Ìyá ń fi bíléèdì gé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sí méjì kó lè pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé orí ìlà ló ti wá gba gàrí, ta ni ì bá mọ̀? Oògùn ni a wá ń rà fún un láti ìgbà náà, a sì wá ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kàn, òun ló ń ra gàrí.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ náà nìyẹn. Oṣù kẹrin ọdún 1833 ni, ní Paris. Frédéric Ozanam, akẹ́kọ̀ọ́ òfin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ogún ọdún, kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tirẹ̀ mélòó kan jọ. Àrùn onígbáméjì ti jà nílùú náà lọ́dún tó ṣáájú, ìyà sì pọ̀ lára àwọn òṣìṣẹ́. Àwọn ọmọdékùnrin náà kò mọ ibi tí wọn ó ti gbá a mú, wọ́n bá tọ Sísítà Rosalie Rendu lọ, ẹni tó ti ń tọ́jú àwọn tálákà ní àdúgbò Mouffetard láti ọdún pípẹ́. Sísítà ló fi àwọn ìdílé tí wọn yóò máa bẹ̀ wò hàn wọ́n, òun ló sì kọ́ wọn bí a ti ń wọlé tálákà láìtẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fi orúkọ Vincent de Paul pe ẹgbẹ́ náà, àlùfáà ilẹ̀ Faransé tó kú ní 1660, tí a ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án.

Ní ti owó, mi ò ní tàn yín. Ní ìpàdé kọ̀ọ̀kan a máa ń gbé àpò kan yí ká, oníkálukú á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹni tó ní á fi sí i, ẹni tí kò ní á ki ọwọ́ òfìfo bọ̀ ọ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Owó yẹn àti èyí tí àwọn ará ìjọ ń sọ sínú àpótí tálákà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni a ń ná. Kò pọ̀. Wọn ò lè san owó ilé ọdún kan fún un. Wọ́n lè san díẹ̀, kí wọ́n sì lọ bẹ lánlọ́ọ̀dù. Owó WAEC ni mo rò pé wọ́n á lè gbé, ilé-ìwé sì ni wọ́n máa san án fún tààrà.

Alhaji_Ọ̀nàwọlé

Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ máà bínú sí ìbéèrè mi. Ṣé wọn ò ní máa fi ọgbọ́n sọ fún obìnrin náà tó bá yá pé kó wá sí ṣọ́ọ̀ṣì? Mo ti rí irú ẹ̀ rí, ní ọ̀dọ̀ àwa Mùsùlùmí pàápàá, tí wọ́n á fún ènìyàn lóúnjẹ tí wọ́n á sì máa retí rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí.

Bàbá_Táyélolú (Èkó)

Kò sí ìbínú níbẹ̀, Alhaji. Bí onílé bá ní ká bá òun gbàdúrà, a máa ń gbà á. Bí kò bá sọ ọ́, a kì í mú un lẹ́nu. Ẹni tó bá ń bá àwọn tí a fún lóúnjẹ sọ̀rọ̀ ìyípadà ẹ̀sìn, àwọn àgbà ẹgbẹ́ máa ń pè é jókòó ni. Ebi kì í jẹ́ kí ènìyàn lè sọ pé rárá. Ìdí nìyẹn tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò fi dára lẹ́nu ẹni tó gbé oúnjẹ wá.

Ọmọ_Lísàbí

Èmi tí mo jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá mọ̀ pé ohun tí Bàbá sọ yìí ti wà nílẹ̀ wa láti ayébáyé. Ní 1895 ni wọ́n dá ọsibítù Sacred Heart sílẹ̀ ní Lántòrò, l'Ábẹ́òkúta, ó sì wà lára àwọn ọsibítù tó pẹ́ jù ní Nàìjíríà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ títí dòní. Fàdá Coquard, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni orúkọ rẹ̀ mọ́ iṣẹ́ náà lára jù, àwọn Sísítà OLA (Our Lady of Apostles) sì ni ọwọ́ wọn wà nínú ìtọ́jú ibẹ̀. Wọ́n ń tọ́jú adẹ́tẹ̀ nígbà tí ará ilé ẹni gan-an ń sá fún un. Àwọn tí wọ́n ń gbé lọ síbẹ̀, Mùsùlùmí àti oníṣẹ̀ṣe ló pọ̀ nínú wọn nígbà náà. Màmá màmá mi, tó jẹ́ Alhaja, ibẹ̀ ló bí gbogbo ọmọ rẹ̀ sí, ó sì kú sínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù.

Kọ́lápọ̀_Ọ̀ṣun

Ẹ jẹ́ kí n sọ òdì kejì rẹ̀, kí ẹ má sì rò pé mo kórìíra yín. Ìrẹsì kóńgò kan kì í mú ènìyàn kúrò nínú ìṣẹ́. Ẹ gbé e fún un lónìí, á jẹ ẹ́ tán lọ́la, á tún máa retí yín. Lákòókò kan náà, ilé-ìwé ìjọ yín tó wà nílùú wa, owó ibẹ̀ ga débi pé ọmọ opó bẹ́ẹ̀ kò lè dé ẹnu géètì. Àwọn tó ń gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì yín gan-an kò lè rán ọmọ wọn lọ síbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ran tálákà lọ́wọ́ ní tòótọ́, ibẹ̀ ló yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyá_Ìṣọ̀kan

Kọ́lápọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ lórí owó ilé-ìwé, òótọ́ ni. Kátólíìkì lèmi, ó sì ń dun èmi náà. Àwọn páríìṣì kan ní owó tí wọ́n fi ń gbé ọmọ tálákà wọlé, ṣùgbọ́n kò kárí. Ó yẹ kí àwa ọmọ ìjọ máa sọ ọ́ sókè níwájú àwọn Bíṣọ́ọ̀bù wa, kí a má fi í ṣe ọ̀rọ̀ abẹ́lẹ̀.

Ti pé ìrẹsì nìkan ni wọ́n ń ṣe ni mi ò bá ọ gbà. Mo ti bá àwọn JDPC ṣiṣẹ́ rí, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìdájọ́ òdodo, ìdàgbàsókè àti àlàáfíà. Póòpù Paul Kẹfà ló dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní Róòmù ní 1967, ó sì ti wà ní àwọn dáyósíìsì wa (agbègbè tí Bíṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ń ṣàkóso), Ìjẹ̀bú-Òde, Ìbàdàn, Òṣogbo àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ tiwọn yàtọ̀ sí ti St. Vincent de Paul. Wọ́n ń wá lọ́yà fún àwọn tó wà lẹ́wọ̀n tí wọn ò tíì gbọ́ ẹjọ́ wọn, wọ́n ń kó àgbẹ̀ jọ sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, wọ́n ń làjà lórí ilẹ̀ àti ogún, wọ́n sì máa ń rán ènìyàn lọ ṣọ́ ìbò.

Ozanam tí Bàbá dárúkọ yẹn gan-an kò dúró lórí oúnjẹ. Ní 1848, nígbà tí rúkèrúdò ṣẹlẹ̀ ní Faransé, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá ìwé ìròyìn sílẹ̀ tí wọ́n fi ń gbèjà àwọn òṣìṣẹ́, ó sì jáde du ipò aṣòfin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wọlé. Ó ti wọ ilé àwọn òṣìṣẹ́, ó ti rí ohun tó ń pa wọ́n, ó wá di ẹni tó ń béèrè ìdí tí owó iṣẹ́ wọn kò fi tó jẹun.

Ìyáàfin Àdùkẹ́, ìwé tí lánlọ́ọ̀dù fún obìnrin náà, ẹ kà á dáadáa kí ẹ tó sáré kiri. Bó bá jẹ́ pé ọdọọdún ló ń san owó ilé, tí kò sí àdéhùn mìíràn láàárín wọn, ìwé oṣù mẹ́fà ló yẹ kó fún un. Bó bá jẹ́ oṣooṣù, oṣù kan. Lẹ́yìn ìyẹn náà, ilé-ẹjọ́ nìkan ló lè lé e jáde. Lánlọ́ọ̀dù kò láṣẹ láti fọwọ́ ara rẹ̀ ju ẹrù rẹ̀ síta, tàbí kó ṣí páànù orí ilé. JDPC lè kọ lẹ́tà sí i lórí ìyẹn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun mìíràn tí mo tún fẹ́ mọ̀: ẹrù iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ dà?

Àdùkẹ́_Ìbàdàn

Háà, Mà, ẹ ṣeun gan-an. Ìbéèrè yín yẹn mú mi ta gìrì. Mo bi í lálẹ́ àná. Ó ní lẹ́yìn ọjọ́ kẹjọ òkú ni àbúrò ọkọ òun wá gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà àti jáàkì méjèèjì lọ, pé òun fẹ́ bá wọn tọ́jú rẹ̀. Àtìgbà náà, ẹ̀rọ ò padà wálé. Ọmọ-iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ti gbọ́ iṣẹ́ náà yéké, ó sì ní bí òun bá rí ẹ̀rọ, òun á máa ṣiṣẹ́ ní ojú-iṣẹ́ ọ̀gá òun, òun á sì máa fún un ní owó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ fa ìjà pẹ̀lú àwọn àna òun ni òun ṣe dákẹ́.

Ìyá_Ìṣọ̀kan

Ẹ rí i bí? Ẹ̀rọ yẹn ni oúnjẹ àwọn ọmọ mẹ́ta. Ẹ má mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ JDPC, wọ́n á kọ ìwé ìpè sí àbúrò ọkọ náà, wọ́n á sì fi wọ́n jókòó pọ̀ pẹ̀lú àgbà kan nínú ẹbí. Àwọn ẹbí ọkọ máa ń tètè gbọ́ bí ẹni tí kì í ṣe ará ilé bá dá sí i, tí kò sì pariwo.

Akínwándé_Oníṣòwò

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ọ̀rọ̀ fọ́tò. Oníṣòwò ni mí, mo sì máa ń fi owó sílẹ̀ fún irú nǹkan báyìí lópin ọdún. Bí wọn ò bá ya fọ́tò, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé owó mi dé ọwọ́ aláìní? Wọ́n ti fi ẹgbẹ́ àánú lù wá ní jìbìtì tó. Lójú tèmi, fọ́tò ni ẹ̀rí.

Bàbá_Táyélolú (Èkó)

Ohun tí ẹ ń bẹ̀rù bọ́gbọ́n mu, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ìwé ni ẹ̀rí, kì í ṣe ojú ọmọlọ́mọ. Akápò wa ní ìwé tó ń kọ gbogbo owó tó wọlé àti èyí tó jáde sí, akọ̀wé ń ka ìròyìn ìbẹ̀wò nípàdé, rìsíìtì ilé-ìwé, ti ilé oògùn àti ti ọsibítù wà nínú fáìlì. Ẹni tó bá fún wa lówó lè wá wo ìwé náà, kó rí iye tí a ná àti ohun tí a ná an lé. Orúkọ àwọn tí a ràn lọ́wọ́ nìkan ni kò ní rí. Ọmọbìnrin tí fọ́tò rẹ̀ bá dé orí Facebook pẹ̀lú ìrẹsì lọ́wọ́, fọ́tò yẹn á wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ tó bá fẹ́ lọ́kọ. Kí ló ṣe tí a fi fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ sí i nítorí ìrẹsì?

Ṣadé_Baṣọ̀run

Mi ò fẹ́ dá sí i, àmọ́ mi ò lè dákẹ́. Àdúgbò wa ni wọ́n ti ṣe ayẹyẹ àwọn ọmọdé ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024, ní Islamic High School, Baṣọ̀run, n'Íbàdàn. Wọ́n ní wọ́n á fún àwọn ọmọ ní ẹ̀bùn. Ọmọ 35 ló kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ènìyàn 10 tún kú bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì Holy Trinity ní Maitama, l'Ábùújá, níbi tí wọ́n ti fẹ́ pín oúnjẹ. Lọ́jọ́ kan náà, àwọn mìíràn kú ní Òkìjà, ní ìpínlẹ̀ Anambra. Kò sí ẹni tó fẹ́ ibi fún wọn níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n kéde oúnjẹ fún àwọn tí ebi ń pa, èrò wá kọjá ohun tí géètì lè gbà.

Látìgbà náà, bí mo bá ti gbọ́ pé ẹnìkan fẹ́ pín nǹkan ní gbangba, àyà mi á já. Mo bẹ gbogbo ẹni tó lówó lórí òpó yìí, ẹ má pe aláìní jọ sójú kan. Ẹ gbé e lọ bá wọn nílé.

Bàbá_Táyélolú (Èkó)

Kí Ọlọ́run tu àwọn òbí náà nínú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Maitama dun gbogbo wa, torí pé inú ilé tiwa ló ti ṣẹlẹ̀.

Ní páríìṣì wa, a kì í pín nǹkan Kérésìmesì nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ọ̀dọ́ á jókòó ní gbọ̀ngàn lálẹ́, wọ́n á di ìrẹsì, ẹ̀wà, òróró àti iyọ̀ sínú nylon dúdú, èyí tí wọ́n fi ń di ohun tí a rà lọ́jà, kí aládùúgbò lè rò pé onílé ló lọ ọjà. A óò pín àwọn òpópónà láàárín ara wa, a óò fi Màrúwà gbé e lọ. Ó máa ń gba àkókò, ó sì máa ń rẹ̀ wá, torí àgbàlagbà ló pọ̀ nínú wa. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fara pa rí.

Akínwándé_Oníṣòwò

Mo gbọ́, Bàbá. Ọ̀rọ̀ ìyáàfin Ṣadé wọ̀ mí lára. Lọ́dún yìí mi ò ní ṣe èyí tí mo máa ń ṣe níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Màá bá yín sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀.

Ìyá_Ẹniọlá (London)

Ẹ kú àárọ̀ o. Mo fẹ́ fi ti ibí kún un, torí mo mọ̀ pé àwọn ọmọ wa tó ń bọ̀ wá síbí ń ka òpó yìí. Láti 1844 ni ẹgbẹ́ St. Vincent de Paul ti wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, SVP ni a ń pè é. Ìbẹ̀wò náà ni wọ́n ń ṣe, ní pàtàkì fún àwọn arúgbó tó dá gbé. Wọ́n tún ń ran ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilé òfìfo lọ́wọ́ pẹ̀lú ibùsùn àti ohun èlò ilé ìdáná.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ̀ rèé. Àwọn tó fi físà iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà tàbí ti akẹ́kọ̀ọ́ wá, wọ́n kọ ọ́ sí físà wọn pé wọn ò gbọdọ̀ gba owó ìrànwọ́ ìjọba. Nígbà tí iṣẹ́ bá bọ́, ẹ̀rù á máa bà wọ́n, wọ́n á rò pé bí àwọn bá gba oúnjẹ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àánú, físà àwọn á bàjẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ẹgbẹ́ àánú fún yín kì í ṣe owó ìjọba. Mo mọ ọmọkùnrin kan tó jẹ́ pé kọ́ńfíléèkì àti omi ẹ̀rọ ló ń jẹ, láìsí wàrà, láìsí ṣúgà, títí ẹnìkan fi kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni, ó ti kàwé gboyè kejì, ojú ń tì í láti sọ fún àwọn ará ilé pé òkè òkun kò rí bí wọ́n ṣe rò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ kan ilẹ̀kùn páríìṣì.

Àlàbí_Texas

Níbí, ìlànà wọn yàtọ̀. Catholic Charities ni ẹgbẹ́ tó tóbi jù, 1910 ni wọ́n dá ti gbogbo Amẹ́ríkà sílẹ̀, òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù ló sì pọ̀ níbẹ̀. Ní Houston, wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń fi lọ́yà ran àwọn aṣíkiri lọ́wọ́ lórí ìwé ìgbélùú, Cabrini Center ni wọ́n ń pè é. Àwa tí a ń gbé ìhà Fort Bend, tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí, ilé wọn tó ń jẹ́ Mamie George ní Richmond ló súnmọ́ wa. Wọ́n ní oúnjẹ fún ìdílé níbẹ̀, àwọn àgbàlagbà sì ń pàdé níbẹ̀ láti jẹun kí wọ́n sì bára wọn sọ̀rọ̀. Ó wúlò fún àwọn ìyá wa tí a mú wá tọ́mọ, tó jẹ́ pé láti àárọ̀ di alẹ́ wọn kì í rí ẹni bá sọ̀rọ̀.

Ewu tó wà nínú irú tibí ni pé owó ìjọba wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ìjọba dá owó iṣẹ́ àwọn olùwá-ibi-ìsádi dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ló dá òṣìṣẹ́ dúró, àwọn ìdílé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sì há sáàárín. Àpò ìkọ̀kọ̀ tí Bàbá sọ yẹn kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ààrẹ tó lè fọwọ́ sí ìwé kó pa á dé.

Àdùkẹ́_Ìbàdàn

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Mo lọ sí páríìṣì náà, katikíìsì ló mú mi dé ọ̀dọ̀ ààrẹ ẹgbẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun àṣálẹ́, obìnrin méjì wá, ọ̀kan jẹ́ tíṣà, èkejì ń ta aṣọ ní Gbági. Wọ́n bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó wọlé, torí wọ́n rí ẹní ìkírun nílẹ̀. Obìnrin náà sọ fún mi pé ohun tó kọ́kọ́ mú ọkàn òun balẹ̀ nìyẹn.

Wọ́n ti san owó WAEC sí ilé-ìwé. Wọ́n bá lánlọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀, ó gbà kó dúró títí ọmọ yóò fi ṣe ìdánwò tán, ṣùgbọ́n gbèsè ilé ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, wọ́n sì sọ fún un láìfi pamọ́ pé àwọn ò lè gbé gbogbo rẹ̀. Ti ẹ̀rọ, JDPC ti pe àbúrò ọkọ. Ìgbà àkọ́kọ́ kò wá. Ìgbà kejì ló wá pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n bàbá wọn. Jáàkì méjèèjì ti padà. Ó ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́, pé òun ń tún un ṣe. Wọ́n ti dá ọjọ́ fún un.

Ìyá_Ìṣọ̀kan

Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ náà kọjá o. Bí ọjọ́ bá pé tí kò gbé e wá, ẹ padà lọ lọ́jọ́ kejì gan-an, ẹ má dúró de ìgbà tí wọ́n bá pè yín. Kí ọmọ-iṣẹ́ náà tẹ̀ lé wọn lọ wò ó, òun ló mọ̀ bóyá ó bàjẹ́ lóòótọ́.

Kọ́lápọ̀_Ọ̀ṣun

Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n ti ẹ̀rọ yìí, ó tẹ́ mi lọ́rùn. Bàbá, ṣé ẹni tí kì í ṣe Kátólíìkì lè fi nǹkan ránṣẹ́ sí yín, kì í sì í ṣe owó?

Bàbá_Táyélolú (Èkó)

Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Aṣọ ilé-ìwé tí ọmọ yín ti dàgbà jù, tó ṣì mọ́, tí bọ́tìnnì rẹ̀ pé. Ìwé kíkà tí ilé-ìwé ṣì ń lò. Ẹ má kó oògùn tó kù nílé wá, a kì í gbà á. Bí ẹ bá ní iṣẹ́ ọwọ́ tí ẹ lè kọ́ ọmọ opó kan lọ́fẹ̀ẹ́, ìyẹn ni a ń wá jù lọ lásìkò yìí, pàápàá télọ̀ àti ẹni tó ń tún fóònù ṣe. Ẹ gbé e lọ sí páríìṣì tó súnmọ́ yín ní Ọ̀ṣun, ẹ béèrè ẹgbẹ́ wa. Ọ̀pọ̀ konfárẹ́nsì, ìyẹn ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa ní páríìṣì, ló ń ṣèpàdé lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn Mísà, wọ́n sì máa ń gba àlejò láyè láti jókòó.